Àṣírù Lọ Kọ́ Ìṣubú ní Ìfọ́n

Ọjọ́ Ajé, 3 Júláì 1995

"Láti odò Erinlẹ̀ títí dé òkun àwọn ará Jàpáànù, kò sí abẹ̀mí kan tó lè dúró níwájú idà Àṣírù, kó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ kó ṣègbé. Àṣírù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, lójú ọ̀nà balùwẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́, ọṣẹ létí.

Ọmọ àbúrò mi tó ti di olóògbé ni. Ó ti lé lógún ọdún. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe, nínú yàrá kan létí títì tí Mọ́gàjí agboolé wa yọ̀ǹda fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dáa — n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ láti ọjọ́ tí oníbàárà kan láti Òṣogbo ti gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì kàtúùnù àwọn Jàpáànù sínú fídíò tó gbé wá fún àtúnṣe, a ò gbádùn mọ́. Jagunjagun kan ló wà nínú rẹ̀, irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹ̀gún òòrẹ̀, ó ń fi idà la òkúta, kì í sì í kí ẹnikẹ́ni. Àṣírù ti wò ó títí kásẹ́ẹ̀tì fi ń hó. Ó ní kí káfíńtà gbẹ́ idà igi fún òun, ó fi ọ̀dà fàdákà kùn ún. Ó fi ìborùn pupa ìyàwó mi gbàjá orí. Kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́. Á kàn mi orí fẹ́rẹ́, á sì di ojú, bí ẹni tí eyín ń dùn.

Mo ti sọ ọ́ ní Ọ̀gágun. Ìjọba — Hàfúsátù ìyàwó mi nìyẹn, nínú ìwé yìí nìkan — ní kí Ọ̀gágun dá ìborùn òun padà.

Ọjọ́rú, 5 Júláì

Kò tíì dá a padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Júláì

Ọjọ́ ńlá. Kí n tò ó kí ó má baà pòórá.

Ọ̀sán gangan, iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gágun. Àwọn ọ̀dọ́ pé bìbà, nítorí ó ti ń kéde láti ìjẹta pé òun yóò ṣe "ìfihàn". Ó ń fò, ó ń yí, ó ń ké ní èdè kan tí n kò rò pé àwọn Jàpáànù gan-an gbọ́. Ó gé ìwé ìròyìn mi àná sí méjì lójú òfuurufú. Wọ́n hó yèè. Èmi kò tíì kà á tán.

Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìfọ́n. Aṣọ eré ìdárayá, gèlè kékeré lórí, báàgì léjìká. Ó ní òun wá gbé rédíò ìyá òun. Mo mọ̀ ọ́n: Nímọ́tà ni, ọmọ Ìyá Kùmásí, àwọn tó ti Gánà dé ní '69, tí wọ́n ń ta ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ní Ìfọ́n. Eré ìdárayá ni Nímọ́tà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ́nà jíjìn. Ìsinmi ló wá lò, kó lè tọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gágun kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gágun ní kó dúró ná, òun ń jagun. Ó dúró. Nígbà tó pẹ́, ó tún béèrè. Ọ̀gágun bá na idà sí i láyà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé rédíò kúrò níbẹ̀, ara idà òun ni yóò gbà kọjá. Ẹnì kan láàárín èrò sọ pé ará Ìfọ́n mà ni — ariwo náà bá yí ohùn padà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín àwa ará Ìlobù àti wọn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa bá a nílẹ̀, àwa náà ń bá a yí. Mo dìde láti sọ̀rọ̀ kó má débẹ̀. N kò tíì la ẹnu tí ọ̀rọ̀ fi tán.

Bí ó ṣe tán nìyí: Nímọ́tà gbé báàgì sílẹ̀, ó súnmọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ bá a tún kọ́là ẹ̀wù ṣe, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ Ọ̀gágun wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ wà nílẹ̀. Gbì. Idà ti wà lọ́wọ́ Nímọ́tà. Kò fi lù ú. Ó fi lé ìyá kan lọ́wọ́ bí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun gbé ọmọ dání, ó wọnú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé rédíò, ó yí i síbi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn. Ó tẹ́tí sí i díẹ̀.

"O ṣé o. Ó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa." Ìgbà yẹn ló tó wò ó nílẹ̀. "Àmọ́ o ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Òun ló jẹ́ kí ìgúnpá ẹ bó."

Ó sì wọ ọkọ̀ tó ń padà lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Júláì

Ọ̀gágun kò jáde. Ìjọba gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá a. Ìborùn ti padà sínú àpótí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Júláì

Ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́. Òun yóò gbẹ́ idà mìíràn, tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní ó dáa. Mo wá bi í bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣẹ́gun jagunjagun onírun ẹ̀gún yẹn rí. Ó ní wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní apá kejì; ó gun òkè lọ bá bàbá arúgbó kan, ó ń gbálẹ̀ fún un, ó ń pọnmi fún un, ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá kí ó tó tún fọwọ́ kan idà. Ó ní òun kì í wo ibẹ̀. Òun máa ń yí i kọjá ni.

Ibẹ̀ náà la wò. Èmi pẹ̀lú rẹ̀, lórí àga kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbálẹ̀ nígbà tí mo bá rí i. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Kò sí ẹni tí n óò sọ ìyẹn fún.

Ọjọ́bọ̀, 13 Júláì

Ìfọ́n. Èmi ni mo mú un lọ — ṣé Ọ̀gágun lè dá lọ? Ìyá Kùmásí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ lórí àpótí. A kí títí. Wọ́n bi mí nípa Hàfúsátù, nípa àwọn ọmọ, nípa ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí lọ́dún tó kọjá. Wọ́n wá bi mí bóyá ọmọ tó da ìlú rú nítorí rédíò àwọn nìyí. Mo ní òun ni. Wọ́n ní kó súnmọ́ kí àwọn rí i dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nímọ́tà kò rẹ́rìn-ín. Júdò ni orúkọ ohun tó mọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Jàpáànù náà ló ti wá, èyí tó mú ojú Ọ̀gágun là. Ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ lórí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Gbogbo ìgbà ìsinmi ló máa ń kọ́ àwọn ọmọ Ìfọ́n díẹ̀ lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀.

"Mi ò kì í kọ́ èèyàn níjà o," ló wí. "Ìṣubú ni mo kọ́kọ́ ń kọ́ wọn. Ẹni tí ò bá tíì mọ̀ ọ́n ṣubú, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnì kankan níbí. Ṣé wàá lè ṣubú?"

Ọ̀gágun wò mí. Mo wo àjà.

"Mo ti bẹ̀rẹ̀, ma," ló wí.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Júláì

Ìjọba fi idà fàdákà ti fèrèsé ilé ìdáná kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ọ̀gágun rí i. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Júláì

Mo yà kí Ìyá Kùmásí — irọ́ ni, mo lọ wòran.

Àpò ìrẹsì ni wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ kún, wọ́n tò wọ́n, wọ́n tẹ́ tapólì lé e. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú. Ìṣubú ẹ̀yìn. Ìṣubú ẹ̀gbẹ́. Èyí tó wá gbòde ni ti iwájú: èèyàn yóò dúró ṣánṣán, yóò jẹ́ kí ara òun wó síwájú bí igi tí wọ́n gé, yóò fi apá méjèèjì gba ara rẹ̀ sílẹ̀ — gbà! Ẹni tó bá wà lókèèrè, ìdọ̀bálẹ̀ gbáà ni yóò pè é.

Kò tiẹ̀ dìgbà tó bá wà lókèèrè. Ìyá Dọlápọ̀sí, aládùúgbò Ìyá Kùmásí, tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tapólì. Bí Ọ̀gágun bá ti ṣubú, wọ́n á ní, "Wàá dàgbà, ọkọ mi." Ó dìde, ó tún ṣubú. "Wàá jèrè iṣẹ́ ẹ." Gbà! "Wàá rí ọmọ gbé jó." Gbà! "Ó tó, ọmọ dáadáa, dìde." Ó dìde, ó tún wó. Àdúrà tó gbà ní ọ̀sán yìí nìkan, ó tó pín kárí agboolé wa. Èmi náà ṣe àmín sí díẹ̀ nínú rẹ̀.

Bó ṣe ń lọ ilé ló kọjá lára mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ti gidi, àyà kan ilẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ láti oṣù kẹrin.

Ọjọ́ Ajé, 31 Júláì

Ìdùnnú mi yá jù. Pátákó tuntun ti wà lórí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dà pupa: Ọ̀JỌ̀GBỌ́N ÀṢÍRÙ, OLÓRÍ JÚDÒ NÍ ÌLOBÙ ÀTI AGBÈGBÈ RẸ̀.

Agbègbè rẹ̀.

Nímọ́tà rí i láti inú ọkọ̀ bó ṣe ń lọ Òṣogbo. Nígbà tí Ọ̀gágun dé Ìfọ́n lálẹ́, Nímọ́tà ní kó máa lọ ilé rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kò nílò tíṣà. Kò jẹ́ kó tẹ ẹsẹ̀ lé tapólì. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹnu gígùn. Ó ní obìnrin yẹn ń jowú òun ni. Mo ní ó ṣeé ṣe.

Ọjọ́rú, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀sán, oòrùn mú, gbogbo èèyàn wà níta. Ọ̀gágun gun àkàbà, ó fi kẹrosíìnì àti àkísà nu pátákó náà títí igi fi hàn. Kò sí ẹni tó rán an. Òǹtajà kan láti òdìkejì títì bi í pé kí ló dé tó fi ń ba ohun tó rẹwà jẹ́. Ó ní irọ́ ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lásán — bí ẹni tó sọ pé eruku ni.

Mo wọlé, mo jókòó. Ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, n kò rí ẹni tó nu pátákó ara rẹ̀ rí, yàtọ̀ sí èyí tí a fi ẹgba dúró tì.

Ọjọ́bọ̀, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n gbà á padà. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wàhálà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Gbohùngbohùn ránṣẹ́ sí mi. (Mọ́gàjí Àdìsá, olórí agboolé wa, ẹ̀gbọ́n mi ní ti ọjọ́ orí. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń kéde ni.) Alárobọ̀ kan ló ti Ìfọ́n dé, ó sì ti tú ẹrù ẹnu rẹ̀ kó tó tú ti orí: Àṣírù ọmọ wa, ọmọ Ìlobù, ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ará Ìfọ́n lójoojúmọ́. Lójú obìnrin. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n tiẹ̀ ń gbàdúrà fún un lórí ẹ̀.

Àwọn kan ti ń wí pé bóyá ó ti bá wọn ṣàdéhùn lórí ilẹ̀. Ọmọ tí kò ní ju àpótí irin-iṣẹ́ lọ.

Mọ́gàjí ní kí gbogbo agboolé pé lọ́túnla. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, kí Àṣírù kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá tó fi ń ṣe ṣọ́ọ̀bù. Yàrá yẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní oúnjẹ kò tó iyì.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

Pálọ̀ Mọ́gàjí, ó kún dé ẹnu ọ̀nà. Mọ́gàjí dìde, wọ́n wa ọ̀fun wọn, wọ́n fọ̀ bí ẹni pé ilé iṣẹ́ rédíò wà lábẹ́ àga: láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ọmọ agboolé yìí tó fi àyà kan ilẹ̀ fún ará Ìfọ́n, àwọn kò sì ní jẹ́ kó ṣojú àwọn. Àwọn èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ràsákì, àkọ́bí Mọ́gàjí, ló fi ohùn sí i jù. Ó ti pẹ́ tó ti ń fojú sí yàrá yẹn.

Mo ń wo Ọ̀gágun. Ẹni tí mo mọ̀ ní oṣù tó kọjá ì bá ti bẹ́ sórí tábìlì. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ó rìn wá sí àárín, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mo dọ̀bálẹ̀ fún báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa."

Wọ́n wò ó. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Èyí tí mò ń ṣe ní Ìfọ́n rèé."

Ó dúró ṣánṣán, ó wó lulẹ̀ síwájú lórí sìmẹ́ńtì lásán. Gbà! Àwọn obìnrin dìde. Mọ́gàjí gbá àga mú. Ọ̀gágun wà nílẹ̀ lórí apá méjèèjì àti ọmọ ìka ẹsẹ̀, ara rẹ̀ le bí pákó, kò mì.

"Àyà mi ò kan ilẹ̀," ló wí láti ibẹ̀. "Ikùn mi ò kan ilẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wò ó."

Wọ́n wò ó lóòótọ́. Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, orúnkún wọn ń ké. Ẹnì kan ní òun rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ní òun kò rí i. Èmi ni mo wá sọ pé kí wọ́n ti fìlà Mọ́gàjí kọjá lábẹ́ rẹ̀ — bí ìdọ̀bálẹ̀ bá ni, fìlà yóò há. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ òfin ti wọ̀ ọ́. Mọ́gàjí ṣí fìlà. Wọ́n tì í láti apá ọ̀tún. Ó jáde lápá òsì, góńgó rẹ̀ kò tiẹ̀ tẹ̀.

Ràsákì ní kí ló ṣòro nínú ìyẹn, òun náà lè ṣe é. Ó dúró. Ó wó. N kò ní kọ bí ó ṣe dún. Wọ́n ti gbé e lọ bá ẹni tó ń to eegun.

Mọ́gàjí de fìlà padà. Wọ́n ní fìlà kọjá lóòótọ́, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kò tíì mọ ohun tí ọmọ náà ń rí jẹ níbẹ̀. Àwọn gbọ́ pé lópin oṣù, Nímọ́tà yóò mú àwọn ọmọ tó ń kọ́ ṣe ìdíje. Kí wọ́n má ṣe é ní Ìfọ́n, àwọn kò ní lọ. Àwọn ará Ìfọ́n náà kò ní wá síbí. Kí wọ́n ṣe é ní Ẹ̀rìn. Bí Àṣírù bá dójú tì wá níbẹ̀, ó ti bọ́ nínú yàrá.

Ọ̀gágun yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lápò, ó kúnlẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níwájú wọn. Ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

N kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ìwé tí mo kà pọ̀, n kò rí i nínú wọn.

Ọjọ́rú, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ó ń tún rédíò ṣe lábẹ́ igi máńgòrò wa. Ràsákì gbé apá kọ́ ọrùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀la ni. Ìjọba ní òun kò lọ. Ó ti lọ aṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Ọ́gọ́ọ̀sì

Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀rìn. Àwa lábẹ́ igi kan, àwọn lábẹ́ igi kejì, àwọn ará Ẹ̀rìn láàárín, wọ́n ń ta ẹ̀pà fún igi méjèèjì.

Ẹni tí wọ́n fún Àṣírù ni Abdulsalam, ọmọ alápatà Ìfọ́n. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ tó itan mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dá ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mejì ló borí.

Wọ́n tẹríba fún ara wọn. Wọ́n dì mọ́ra. Kí n tó nu awò ojú mi, Àṣírù ti fò lọ sókè bí aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n, ó sì bọ́ — gbà! — ọwọ́ na tapólì, orí kò kàn án. Ìṣubú tó mọ́ jù tí mo rí rí. Ṣùgbọ́n ìṣubú ni. Igi tiwọn hó. Igi tiwa kú. Mọ́gàjí di ọwọ́ mú lórí ọ̀pá.

Àṣírù dìde. Kò bínú, kò gbọn eruku, kò wo ẹ̀yìn. Ó tún aṣọ rẹ̀ dì, ó tẹríba fún ẹni tó dá a. Ìgbà yẹn gan-an ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́ — ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó gbẹ, ó lọ́ra, láti ẹ̀yìn mi, lábẹ́ igi tiwa. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn gbà á, títí gbogbo wa fi ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ wa tí ará Ìfọ́n dá mọ́lẹ̀. Àwọn ará Ìfọ́n ń wò wá. Àwọn náà bá dara pọ̀.

Abdulsalam sáré wọlé lẹ́ẹ̀kejì, orí rẹ̀ ti wú. Àṣírù kò tì í. Ó yẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí ìwọ̀n ara ọmọ alápatà ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Gbà! Ẹlẹ́ẹ̀kẹta pẹ́. Wọ́n làágùn, wọ́n yí, ẹsẹ̀ ń wá ẹsẹ̀. Mo gbọ́ tí Ìjọba ń ka àyàtùl-kúrúsì inú Kùránì. Lójijì ẹsẹ̀ Abdulsalam fò kúrò nílẹ̀, pápá náà sì ya.

Kò ké. Kò fò. Ó na ọwọ́ fa Abdulsalam dìde, ó gbá ẹ̀wù lẹ́yìn fún un. Ó tẹríba fún un, fún Nímọ́tà, fún igi Ìfọ́n, fún igi Ìlobù. Nímọ́tà tú bẹ́líìtì funfun ìdí Àṣírù, ó ró aláwọ̀ ìyeyè, ti ẹni tó ti gòkè, mọ́ ọn. Ó sọ nǹkan sí i létí. Mo bi í nínú ọkọ̀ kí ni obìnrin náà sọ. Ó ní, "Ó ní ìṣubú mi dáa." Nípa èyí tó borí, kò sọ nǹkan kan.

Láti òní, n kò ní kọ Ọ̀gágun sínú ìwé yìí mọ́. Àṣírù ni.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mọ́gàjí pe gbogbo wa, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà lójú èrò. Wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tó ń gbé ìlú ga ni. Àṣírù dọ̀bálẹ̀, kò sí ẹni tó wá fìlà. Ràsákì ti bi í, ní kọ̀rọ̀, bóyá ẹni tí apá rẹ̀ ń san lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣubú ẹ̀yìn. Àwọn ọmọkùnrin agboolé mélòó kan ti ń béèrè àkókò tí ọkọ̀ Ìfọ́n máa ń gbéra.

Èmi náà sọ̀rọ̀, ní kúkúrú. Mo ní inú mi dùn. Mo ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ mọ̀, kí n lè kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí n béèrè. Mo bi wọ́n. Ìjọba ní òun kọ́. Ràsákì gbé apá rẹ̀ tí wọ́n dì sókè fún ẹ̀rí. Àwọn yòókù ń wo ara wọn. Mọ́gàjí ń wo àjà, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra ìkejì.

Ta ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́?